Òkèèrè La Ti Ń Wo Igi Gogoro

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìdí tí mo fi fi òwe yìí ṣíde ọ̀rọ̀ mi ni pé ìdíje kan ń bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ajah ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì fẹ́ kí a jọ wò ó láti òkèèrè kó tó dé. Ilé Pupa àti Ilé Aláwọ̀ Ewé ni yóò wàákò nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, fèrè àwọn ọkọ̀ tó há sí títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ óò gbọ́. Ẹ óò gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ń lu sìmẹ́ńtì gbì-gbì-gbì pẹ̀lú.

Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ SS2 kò ti jẹ́ kí n rójú kọ́ wọn ní àpólà-orúkọ. Bí mo bá ti kọjú sí pátákó, ọ̀kan nínú wọn á ti béèrè pé, "Mà, ẹgbẹ́ wo lẹ rò pé yóò gbà á?" Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú eré ìdárayá. Ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo fi gboyè ní yunifásítì, èdè Yorùbá ni mo sì ti ń kọ́ ọmọ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní agbègbè Lekki yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Bí irú wọn bá wá fi Yorùbá bi mí ní ìbéèrè, èmi ta ni tí n kò ní dáhùn? Mo ní kí wọ́n mú ìwé, kí wọ́n kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹgbẹ́ àwọn tó ga sàn ju ẹgbẹ́ àwọn tó yára lọ." Mo sì ṣèlérí pé èmi náà yóò kọ tèmi. Òun ni ẹ ń kà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹgbẹ́ méjèèjì hàn yín. Nínú àwọn márùn-ún tó ń ṣáájú fún Ilé Pupa, ẹni tó kúrú jù lọ ga ju èmi àti gèlè mi lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣeré kò lọ́jú pọ̀. Wọn á ju bọ́ọ̀lù sókè sí ọmọkùnrin kan tó máa ń dúró lábẹ́ àwọ̀n, òun á sì nawọ́, á rọra gbé e sínú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá lu irin tó ta padà, tiwọn ni. Àléébù wọn ni pé wọn kì í tètè padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sọ bọ́ọ̀lù nù lápá ìhín, méjì nínú wọn á ṣì wà lápá ọ̀hún tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní ti Ilé Aláwọ̀ Ewé, kò sí òmìrán kankan láàárín wọn. Ọmọ Badore kan ni olórí wọn, ó kéré débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ó lè gba abẹ́ tábìlì mi kọjá láìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń já bọ́ọ̀lù gbà, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn kí ojú tó ṣẹ́, wọ́n sì ń jù ú sáwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Àléébù tiwọn ni pé ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn bá kọ̀ tí kò wọlé, kò sí ẹni tí yóò bá wọn mú èyí tó ta padà.

Olùkọ́ eré ìdárayá wa, tó jẹ́ àbúrò fún mi, fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn kan. Ó ní, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. A lè kọ́ ọmọ bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, àmọ́ ta ló lè kọ́ ọmọ kó ga? Ilé Pupa ló ni ife ẹ̀yẹ."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé mi padà sí ọdún 1983. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, Sùúrùlérè ni a ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ìwé ìròyìn kan wọlé, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ti na ọmọ wa ní Amẹ́ríkà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjà ni. Ọmọ tó ń wí ni Akeem Ọlájùwọ́n, ẹni tó padà sí kíkọ orúkọ rẹ̀ ní Hakeem ní ọdún 1991. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 1963. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers College, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló mọ̀, aṣọ́lé sì ni nínú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ó ti di ọ̀dọ́langba kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ní ọdún 1980 ó wọ Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7.

Ẹ bá mi fojú inú wo ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, ọdún 1983, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú Albuquerque ni a wà, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 1,500 mítà lọ sí òkun, tí atẹ́gùn kì í tó ènìyàn mí bí ó bá ń sáré. Àṣekágbá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ni. Ní apá kan, Houston nìyí, tó ti borí ní ìgbà 26 léraléra. Wọ́n ga, wọ́n sì ń sáré. Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń ki bọ́ọ̀lù bọ àwọ̀n láti òkè. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà náà, wọ́n fi àmì ayò 94 sí 81 fẹ̀yìn Louisville gbálẹ̀. Ní apá kejì, North Carolina State nìyí, tí wọ́n ti nà ní ìgbà 10 ní sáà kan náà. Àwọn méjì tó ń darí eré wọn, Sidney Lowe àti Dereck Whittenburg, kò ga ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí à ń rí lábẹ́ afárá Ajah lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni ẹ̀ bá gbè lẹ́yìn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n ti ka fáwùlù mẹ́rin sí Clyde Drexler, akọni Houston, lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń lé ènìyàn jáde. North Carolina State ló ń ṣáájú ní 33 sí 25. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Houston jí gìrì, wọ́n sáré, wọ́n fò, wọ́n sì gba iwájú ní 42 sí 35. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí. Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré kiri kí àkókò lè lọ. Kò tíì sí òfin nígbà náà pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láàárín ìwọ̀n àkókò kan. Sáà 1985 sí 1986 ni wọ́n tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 45 lélẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Bí Houston ṣe rọra báyìí, Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kejì, ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n lè máa dúró ju bọ́ọ̀lù ìtanràn. Bọ́ọ̀lù ìtanràn kò sì sí lára ohun tí Houston mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó di 52 sí 52, Alvin Franklin ti Houston ju ọ̀kan, kò wọlé. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù nígbà tí Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn réré. Bọ́ọ̀lù náà kò dé ibi tó ń lọ. Lorenzo Charles gbá a mú lófuurufú, ó kì í bọ àwọ̀n. Ó di 54 sí 52, eré parí.

Títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dárí ji Guy Lewis. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ náà rò lọ́sẹ̀ yìí, mo rí i pé kì í ṣe pé kúkúrú ló na gíga. Thurl Bailey ti North Carolina State fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Ọlájùwọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Houston sọ idà ọwọ́ wọn sílẹ̀. Sísáré ni oúnjẹ wọn, wọ́n wá lọ jókòó. Lóòótọ́, àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sọ̀ bá mọ́ lára ni òwe yẹn wà fún. Ní ọdún 1984, Houston tún dé àṣekágbá, ní ìlú Seattle. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n pàdé Georgetown, ilé Patrick Ewing, ọmọ Jàmáíkà tí òun náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Òmìrán kojú òmìrán, Georgetown sì borí ní 84 sí 75. Bí gíga bá wà lápá méjèèjì, nǹkan mìíràn ni yóò pín wọn níyà.

Ẹ tún wo ohun tí Ọlájùwọ́n dà lẹ́yìn náà. Ó gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú Houston Rockets ní ọdún 1994 àti 1995. Ohun tí wọ́n fi ń ròyìn rẹ̀ jù lọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe máa ń yí bírí lábẹ́ àwọ̀n tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ á fò sí ibi tí kò sí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé láti inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti aláfọwọ́gbá tí òun gbá ní Èkó ni òun ti mú un. Ọkùnrin gíga tó ní ẹsẹ̀ ọmọ kúkúrú ni. Mo wá rí i pé àkọlé tí mo fún àwọn ọmọ láti kọ àròkọ lé lórí kò dára tó. Mo ti pín wọn sí gíga àti yíyára, bí ẹni pé ẹnì kan kò lè jẹ́ méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan èmi gan-an nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́rú ni mo ń yẹ ìwé wọn wò. Ọ̀pọ̀ kọ ojú ewé méjì. Ọmọkùnrin Ilé Pupa tó máa ń dúró lábẹ́ àwọ̀n kọ ìlà mẹ́ta péré: "Mo fẹ́ kí Ilé Aláwọ̀ Ewé borí. Inú Ilé Pupa ni mo wà. Bí a bá pàdánù, wọn kò ní máa wò mí mọ́."

Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi já. Mo mọ ibi tí ó ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, mo ń kọ́ wọn ní àfiwé tààrà, mo sì nílò àpẹẹrẹ kíákíá. Ojú mi bọ́ sára ọmọ yìí, mo ní, "Ó ga bí òpó iná." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Òpó Iná ni wọ́n ń pè é, títí kan orí pápá. Ọmọ tó máa ń nawọ́ dáhùn ìbéèrè tẹ́lẹ̀ kó lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì ń tẹ ẹ̀yìn bí arúgbó. Mo rò pé ìtìjú ọ̀dọ́ ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èmi tí mò ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ lọ́dọọdún, èmi ni mo sọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo pè é ní àkókò ìsinmi. Kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa kí àgbà máa bẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Mo ní kó dìde, mo sì sọ ìtàn Ọlájùwọ́n fún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá béèrè pé, "Mà, lọ́jọ́ tí wọ́n pàdánù yẹn, kí ni Ọlájùwọ́n ṣe?" Mo sọ fún un pé àmì ayò 20 ló gbà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù tó ta padà mú ní ìgbà 18. Òun ni wọ́n sì kéde ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò borí. Mo tún ní kó wo orúkọ náà dáadáa: Ọlá-jù-wọ́n. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń pè é láìsí àmì ohùn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sọnù. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà," ó sì jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó tó gba ẹnu-ọ̀nà kọjá, nítorí ẹnu-ọ̀nà náà kúrú. Nígbà tó dé ìta, ó nàró.

Mo ti ṣèlérí àsọtẹ́lẹ̀, n kò sì ní sá fún un. Bí Ilé Aláwọ̀ Ewé bá fi eré sísá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fa ọmọ gíga yẹn kúrò lábẹ́ àwọ̀n, àwọn ni yóò máa ṣáájú títí di ìsinmi. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ọ̀sán ni eré, oòrùn Ajah kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń sáré. Bó bá di ìdajì kejì, bí Ilé Pupa bá lè mú sùúrù bó ṣe mọ́ wọn lára, tí wọn kò bá wọn du eré sísá, ife náà tiwọn ni, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀. Bí mo bá ṣì í, kí àwọn ọmọ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àfiwé tààrà, ẹ fi igi ṣe é, ẹ fi òkè ṣe é. Ẹ má fi ọmọ tó jókòó níwájú yín ṣe é. Ní tèmi, mo ti ra ìgò omi tútù kan sílẹ̀ de ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbẹ́ pápá ni n óò jókòó sí. Bí ọmọ náà bá gbé bọ́ọ̀lù, orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni n óò fi pè é, ní ohùn rara.