Ta Ni Yóò Ṣáájú Nínú Orin?

Owó ohun èlò orin tí ìjọ fẹ́ ná lọ́dún yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan ní kí á ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, torí pé synthesizer tí a ní ń bá kọ̀ǹpútà jà láàárín orin. Lójú tèmi o, synthesizer náà kò ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé ìlù àti béèsì jáde, synthesizer sì ń dá àwọn ohùn kéékèèké kan tẹ̀lé e. Okùn MIDI la fi so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ rìn. Ohun tó ń gba inú okùn yẹn kọjá kì í ṣe ohùn orin rárá, àṣẹ ni. Ká ní ẹ ń pàtẹ́wọ́ sí orin: láti àtẹ́wọ́ kan sí èkejì, ẹ̀rọ tó jẹ́ ọ̀gá á ti fi àmì 24 ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Bí orin bá ń gba àtẹ́wọ́ 120 ní ìṣẹ́jú kan, àmì 48 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì yìí ni wọ́n ń pè ní MIDI clock. Wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé 120 ni eré orin o. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ wọn ló máa fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n nípa bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlù dùndún, ẹ wo gúdúgúdú: kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àmọ́ bó bá dákẹ́, gbogbo wa la máa mọ̀.

Ọdún 1983 ni MIDI jáde. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi, ẹni tó dá Roland sílẹ̀ ní Japan, ló ṣáájú iṣẹ́ náà, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè gbọ́ ti òmíràn. Ọdún yẹn gan-an ni King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde. (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í gbọ́ jùjú mọ́, ẹ má bínú.)

Ṣùgbọ́n ìṣòro tiwa ní Port Harcourt kì í ṣe ti Japan. Iná ni. Iná á lọ láàárín orin, jẹnẹrétọ̀ á gbà á. Kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, bátìrì wà nínú ẹ̀. Synthesizer á kú, á sì jí. Nígbà tó bá jí, ó ń gbọ́ àwọn àmì wọ̀nyẹn dáadáa, ó mọ eré tí orin ń sá, àmọ́ kò mọ ibi tí orin dé. Àmì ìbẹ̀rẹ̀, Start, ti kọjá lọ nígbà tó wà nínú òkùnkùn. Òmíràn á kàn dákẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù ú: eré àwọn méjèèjì á dọ́gba, ẹsẹ̀ wọn ò ní dọ́gba. Ohun tí ẹ ń gbọ́ tí ẹ fi ń wò wá bákan bàkan nìyẹn. Kíbọ́ọ̀dù olówó ńlá náà á ṣe bẹ́ẹ̀. UPS kékeré kan lábẹ́ tábìlì loògùn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti Bàbá tó ń lu gángan fún wa láti ìgbà tí ìjọ ṣì ń pàdé ní Diobu. Bàbá ní bí ẹ̀rọ bá fẹ́ máa pàṣẹ, àwọn á gbé gángan sílẹ̀, àwọn á wá jókòó láàárín ìjọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí òótọ́ ni Bàbá sọ: etí tiwọn ń gbọ́ ìjọ, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá kan ṣoṣo ni MIDI clock gbọ́dọ̀ ní, àmọ́ kò sófin tó ní kọ̀ǹpútà ni kó jẹ́ ẹ. A ní ẹ̀rọ ìlù kékeré kan tó ní bọ́tìnì tí èèyàn lè máa fi ìka tẹ̀ láti fún un ní eré. Òun la fi ṣe ọ̀gá báyìí. Ọmọ kan jókòó ti Bàbá, ó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀pá gángan, kọ̀ǹpútà àti synthesizer sì ń tẹ̀lé ìka ọmọ náà. Kò pé o! Bí Bàbá bá yára lójijì, kọ̀ǹpútà máa ń kọsẹ̀ díẹ̀ kó tó bá wọn. Nígbà tí Bàbá bá sì fẹ́ fi gángan sọ̀rọ̀, tí kò sí eré kankan láti tẹ̀lé, a máa ń dá gbogbo ẹ̀rọ dúró títí wọ́n á fi parí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù ta ìjọ lọ́rẹ láti òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó wo ẹ̀yìn ẹ̀ kó tó sanwó. Ihò MIDI roboto tó ní ihò wẹ́wẹ́ márùn-ún ni a ń wá. Bó bá jẹ́ ihò USB nìkan ló ní, kò ní lè gbọ́ ẹ̀rọ ìlù yẹn fúnra ẹ̀, àfi kó tún gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà.