Lójú Ọ̀nà Ìgbòho

Yanrìn ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ ló kọ́kọ́ gbé mi ṣubú. Mi ò sáré. Jíà kejì ni mo wà. Táyà iwájú kàn rì ni, ọwọ́ ọ̀kadà yí mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni pé ẹnìkan já a gbà, kí n sì tó mí èémí kejì, mo ti wà nílẹ̀, ọ̀kadà lórí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Sàlẹ́ńsà jó ṣòkòtò mọ́ mi lójúgun. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, ó tó owó ẹyọ kan.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi gun ọ̀kadà nígboro Ìbàdàn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ gba àárín mọ́tò kọjá ní Mọ́kọ́lá, mo sì máa ń mọ̀ pé takisí Micra fẹ́ dúró gbé èrò kó tó dúró. Títì ọlọ́dà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣe tíṣà ní agbègbè Ìgbòho kí wọ́n tó bí mi, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn láti abúlé dé abúlé. Wọ́n sọ̀tàn ọ̀nà yẹn fún mi títí wọ́n fi jáde láyé. Nígbà tí a sin wọ́n tó pé ọdún kan, nínú oṣù Kọkànlá tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́, mo di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo ní mo ń lọ Kíṣí, ọ̀nà oko ni n ó sì gbà níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Láti Mọníyà dé Ìsẹ́yìn jẹ́ kìlómítà 65, wọ́n ti tún un ṣe, ó dùn ún gùn. Mo sùn ní Ṣakí, lábẹ́ Òkè Àsabàrí. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà kó iṣu láti oko wá sọ́jà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ní ìhà Ìgbòho lòun náà ń lọ, ká jọ máa lọ.

Nígbà tí yanrìn gbé mi ṣubú, òun ló gbé ọ̀kadà kúrò lára mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi igi ìṣáná tẹ ojú fáàfù, afẹ́fẹ́ táyà ń tú ṣìn-ìn-ìn, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ara táyà wò títí tó fi rọ̀ tó bó ṣe fẹ́. Ó ní táyà tó bá le koko, ńṣe ló máa ń gé yanrìn bí ọ̀bẹ. Èyí tó bá rọ̀ a máa tẹ́ lórí rẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tílẹ̀ bá burú, ẹ dìde dúró lórí ibi tẹ́ ẹ̀ ń tẹsẹ̀ sí. Ẹ dẹ ọwọ́ yín. Ẹ má sì wo táyà mọ́. Ẹ wo ọ̀ọ́kán. Ibi tójú yín bá wà ló máa gbé yín lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn létí, ó le lára. Ìgboro ti kọ́ ojú mi láti máa ṣọ́ ohun tó wà nítòsí. Lórí yanrìn, bí mo bá rí kòtò, tí mo tẹjú mọ́ ọn nítorí pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀, inú rẹ̀ gan-an ni táyà ń lọ. Bí mo bá di ọ̀kadà mú pinpin, táyà iwájú kì í ráyè wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ó yẹ kó máa mì díẹ̀, kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kó sì tọ́ padà. Èmi ni mi ò jẹ́ kó mì. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ló sì gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí a ṣe ń lọ, mo ń rò ó pé ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò: a ń gun ẹṣin, a ń gun ọ̀kadà. Ìgbòho ni Ọ̀yọ́ fi ṣe olú-ìlú lẹ́yìn tí ogun Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sì sin síbẹ̀, ní Igbó Ọba. Ìtàn sọ nípa Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀, ọ̀kan lára wọn, pé àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ a máa fi ewé gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́ kí ọ̀tá má baà tọ̀ wọ́n. Mo wẹ̀yìn, mo rí ipa táyà mi tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò, mo sì ronú kan àwọn ẹlẹ́ṣin náà. Àwọn náà ti ṣubú rí. Ẹnìkan ló dúró tì wọ́n títí ọwọ́ wọn fi dẹ̀.

Odò kékeré kan wà kí a tó dé Ìgbòho. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ bá a ló burú: òkúta wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀ pupa, ọ̀gbàrá sì ti la àárín rẹ̀ sí méjì. Ọmọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ rìn kọjá. Orúnkún lomi mu ún dé. Ó padà wá, ó ní kí n wà ní jíà kìíní, kí n má fọwọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló máa fa ọ̀kadà sẹ́yìn, kí n kàn fi bíréèkì ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó gun tirẹ̀ kọjá, ó dúró dè mí ní òdìkejì.

Mo dé ìdajì. Òkúta yẹ̀ lábẹ́ táyà ẹ̀yìn, ojú mi sá wọ inú ọ̀gbàrá, ìka ọwọ́ ọ̀tún mi sì nà sí bíréèkì iwájú.

“Má fọwọ́ kàn án! Wo ọ̀ọ́kán! Wò mí!”

Kò sí “ẹ” níbẹ̀. Mo gbọ́ràn bí ọmọdé. Mo gbójú sókè, mo wò ó, ìka mi tú, ọ̀kadà sì tọ́. Omi gbá mi lórúnkún, ó tutù, ó ń rùn bí ewé jíjẹrà. Mo fún un níná, mo gun òkè odò.

Lálẹ́, ní Ìgbòho, nígbà tí a jẹ àmàlà tán, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú ìsọ̀ olóúnjẹ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo sọ̀rọ̀ sí yín lódò bí ẹgbẹ́ mi.”

Mo fà á dìde. Ọ̀rọ̀ kò tètè jáde lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí mi. Mo ní bó bá tún di ibi tó burú, kó má fi “ẹ” fàkókò ṣòfò. Ó ní kò ṣeé ṣe, wọn ò kọ́ òun bẹ́ẹ̀ nílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì a gba ọ̀nà Kíṣí, òun lẹ́yìn, èmi níwájú. Ní kòtò àkọ́kọ́ ó kígbe, “Ẹ wo ọ̀ọ́kán o, Ẹ̀gbọ́n!” Ní ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ibi tí yanrìn ti jìn, tí ẹ̀yìn ọ̀kadà mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, mo gbọ́ ọ: “Wo ọ̀ọ́kán!”

Mo wò ó.