Ẹ̀kú Michael Myers, Ojú Fádèyí

Ìbòjú funfun kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn láti ọdún 1978. Nígbà tí John Carpenter ń ṣe fíìmù Halloween, owó tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju nǹkan bí 300,000 dọ́là lọ, ìyẹn kò sì tó nǹkan nídìí iṣẹ́ sinimá ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra ìbòjú olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe bí ojú William Shatner, òṣèré Star Trek. Wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀ sí i, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Wọ́n gbé e bo ojú Nick Castle, ó sì di Michael Myers, apànìyàn tí kì í sáré, tí kì í sọ̀rọ̀, tí ikú kì í sì í pa. Fíìmù 13 ló wà nínú ọ̀wọ́ náà lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Poli Èrúwà ló fi ti ọdún 2018 hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo rò pé màá rí. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Jamie Lee Curtis ló mú mi lọ́kàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni nínú fíìmù àkọ́kọ́. Ó ti di ìyá àgbà nínú èyí. Ogójì ọdún ni Laurie Strode, obìnrin tó ṣe nínú fíìmù náà, ti fi ń retí Myers. Ó mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìbọn yíyìn. Àwọn tó ṣe fíìmù náà pa gbogbo apá tó wà láàárín tì, wọ́n padà sí ti 1978 tààrà. Ìbòjú pàápàá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó hunjọ, kó sán, bí ohun tó ti lo ogójì ọdún láyé.

Mo wí fún ọmọ náà pé, “Egúngún nìyí.” Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣeré.

Ní Ìbàràpá, ìdílé ló ni ẹ̀kú. A kì í béèrè ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí bàbá bá lọ, ọmọ á gbà á. Wọ́n á máa rán aṣọ tuntun lé ògbólógbòó lórí, títí ti ayé bàbá bàbá ẹni á fi wà lábẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Halloween. Moustapha Akkad, ọmọ bíbí Aleppo ní Síríà, wà lára àwọn tó gbé e jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà ló ṣe The Message ní 1976, fíìmù ìtàn Ànábì Muhammad. Bọ́ǹbù pa òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ní Amman ní ọdún 2005, Malek ọmọ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ìgbà kan wà, ní 1982, tí wọ́n ṣe apá kẹta láìsí Myers nínú ìtàn rẹ̀. Àwọn òǹwòran kọ̀ ọ́. Ní 1988 wọ́n dá Myers padà, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àkọlé fíìmù gbàǹgbà. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbà á lè wọ ìbòjú yẹn. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ kò fi tán.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá ní Igbó-Ọrà, ìlú tiwa ní Ìbàràpá, kò bojú. Àwa tí a ni egúngún, ojú ènìyàn lásán la sá fún.

Àrélù ni mò ń sọ, eré Jímọ̀ Àlíù tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde láyé àwọn ọdún 1980. Pálọ̀ aládùúgbò wa kan ní Ìdófin la ti ń wò ó, ọmọdé nílẹ̀, àgbà lórí àga, àwọn mìíràn lójú fèrèsé. Bí iná bá lọ, wọ́n á gbé bátìrì mọ́tò wọlé. Bí Fádèyí Olóró bá yọ pẹ̀lú àdó lára, tó ranjú, tó bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀, pálọ̀ á pa rọ́rọ́. Òjó Arówóṣafẹ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Ìyá mi àgbà kò gbà kí a tún ọfọ̀ yẹn pè nílé. Ó ní ẹni tó ń pè é nínú eré mọ ibi tí òun yóò bù ú kù sí, àwa kò mọ̀.

A lọ ń pè é lẹ́yìn ilé. A kun eérú, a so igbá wẹẹrẹ mọ́ra, ó sì jọ ọ́. Ohùn ni kò sẹ́ni tó rí i yá. Kódà ọmọkùnrin kan láti Pákò tí ohùn rẹ̀ ń dún bí àgbá gbìyànjú títí, a kàn ń wò ó ni. Ẹ̀rù kò bà wá.

Jímọ̀ Àlíù kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Òrìṣàbùnmi, tó bá wọn ṣe eré náà, tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Fádèyí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ pé kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe Àrélù tuntun. Wọ́n á tọ́ka sí fíìmù Living in Bondage, ti Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ náwó lé fídíò Yorùbá, Àjẹ́ Ni Ìyá Mi. Ramsey Nouah ṣe apá tuntun rẹ̀ ní 2019, inú èmi náà sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n Kenneth Okonkwo wà láyé láti padà wá ṣe Andy, Kanayo O. Kanayo náà sì padà. Ojú wọn la lọ wò. Ta ni a fẹ́ lọ wò nínú Àrélù tuntun? Ẹni tó wọ aṣọ Fádèyí?

Téèpù tí wọ́n fi gba Àrélù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ooru àti èéhù kì í dá téèpù sí, ohun tí mo sì ń rí lórí YouTube jẹ́ àgékù tó ṣú, tí kò sí orúkọ òṣèré lára rẹ̀. Ẹni tí Àrélù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú àpótí nílé, kó gbé e síta nísinsìnyí, láti apá kìíní dé òpin, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó kópa, títí dórí onílù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá yóò ba òun lẹ́rù bíi ti Myers. Mo ní kí á kọ́kọ́ rí i lódindi ná.