Èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ ń dà nù, oúnjẹ ni o, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò oògùn yín

Iṣẹ́ ajé ló ń gbé mi láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn yóò mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Ìtòikín, ọ̀pẹ òyìnbó lẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á tò ó jọ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó lówó á rà, ẹni tí ò lówó á wò ó kọjá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ òyìnbó gan-an ni mo fẹ́ẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, èèpo ẹ̀ ni.

Tẹ́lẹ̀, ta ló ń ka èèpo sí? Àwọn tó ń gé èso sínú ọ̀rá fún àwa òṣìṣẹ́ ní Sábó, Ìkòròdú, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, ewúrẹ́ á jẹ tiẹ̀, eṣinṣin á jẹ tiẹ̀. Àmọ́ láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, èèpo náà ti di ọjà. Mo bi ìyá kan tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ pé, "Màmá, kí lẹ tún ń di èèpo sínú ọ̀rá fún?" Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ń sè é mu! Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìtọ̀ ṣúgà ni, làkúrègbé ni, kò sí èyí tí kì í lé lọ."

"Kò sí èyí tí kì í lé lọ" yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ìdí ni pé bàbá kan wà ládùúgbò wa, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tí oògùn ò ṣeé rà mọ́, tí ẹnì kan sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá pé èèpo ọ̀pẹ òyìnbó àti ata ilẹ̀ ti tó, ó gbé oògùn tì. Odidi oṣù méjì ló fi ń mu omi èèpo. Ilẹ̀ ọjọ́ kan ń mọ́ bọ̀, ẹnu bàbá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá òsì ò ṣeé gbé. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọmọ ilé tó tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Èmi ò ní èèpo ló ṣe é o. Oògùn tí bàbá pa tì ni dókítà sọ pé ó fà á.

Ṣé irọ́ wá ni pé èèpo dáa ni? Rárá o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyẹn. Àwọn bàbá wa ti ń fi omi ògì rẹ ọ̀pẹ òyìnbó tí kò tíì pọ́n, tàwọn ti èèpo igi máńgòrò, fún ibà. Ní Mexico, wọ́n ń fi ṣúgà rẹ èèpo yìí títí á fi kan díẹ̀, tepache ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Ṣáínà ń sá èèpo ọsàn táńjárín-ìnì gbẹ, bó bá ṣe ń pẹ́ nílé tó ni owó ẹ̀ ń lọ sókè sí. Gbogbo wọn ò le jọ máa ṣiwèrè.

Ẹ ti bẹ iṣu sílẹ̀ rí kí ẹ má tètè da omi sí i? Ṣé ẹ rí bí ara ẹ̀ ṣe máa ń dúdú? Afẹ́fẹ́ ló ń bá a jà. Tí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára, á pẹ́ díẹ̀ kó tó dúdú. Irú ìjà yẹn ń lọ nínú ara èèyàn náà, àwọn èròjà tó ń dá a lẹ́kun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní antioxidant. Èèpo ni èso máa ń kó púpọ̀ nínú wọn sí, torí èèpo ló ń kojú oòrùn àti kòkòrò. Ẹ gbọ́ ti ọsàn: nínú gíráàmù 100 èèpo ẹ̀, fítámì C tó wà níbẹ̀ tó mílígíráàmù 136. Inú ọsàn tí à ń fà mu ńkọ́? Nǹkan bíi 53 péré. Ẹ wá wo èyí tí à ń jù sí gọ́tà!

Ṣùgbọ́n iná kì í ṣojúsàájú. Tí ẹ bá se èèpo, fítámì C á dín kù. Bromelain, èròjà inú ọ̀pẹ òyìnbó tó máa ń ta èèyàn lẹ́nu tó sì ń mú kí ẹran tètè rọ̀, tí gbogbo oníwàásù orí WhatsApp ń pariwo, ooru ń pa á. Okun inú èèpo tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ já geere kì í tẹ̀ lé omi, inú èèpo tí ẹ sẹ́ dà nù ló kù sí. Ohun tó kù fún yín nínú ife ni díẹ̀ lára àwọn antioxidant, adùn díẹ̀ àti òórùn dáadáa. Ó sàn ju ẹlẹ́rìndòdò tó kún fún ṣúgà lọ, èmi náà ń mu ún. Ẹ kàn má pè é ní oògùn.

Antioxidant fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín jẹ. Ní 1994, àbájáde ìwádìí kan jáde ní Finland, àwọn ọkùnrin amusìgá tó lé ní 29,000 ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tí wọ́n fún ní hóró oògùn beta-carotene, tó jẹ́ antioxidant inú kárọ́ọ̀tì, àwọn ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tún wá pọ̀ sí i láàárín wọn, ní ìdá 18 nínú 100. Kárọ́ọ̀tì ò ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ìgò yàrá ìwádìí lè dénú ara èèyàn kó yíwọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lo èèpo, kó fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó gé e, torí ara èèpo ni oògùn apakòkòrò máa ń wà, èyí tó bá sì ti wọnú ò ṣeé fọ̀. Èyí tó ti wà lórí àtẹ láti àárọ̀ tí eṣinṣin ti bà lé, ti ewúrẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà ẹ̀ léèrè. Bí oògùn bá wọ́n jù, ẹ sọ fún un, wọ́n lè rí èyí tó rọjú kọ fún yín.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, èèpo wọ́tàmẹ́lọ̀n ni mo fẹ́ràn jù, ibi funfun tó wà láàárín pupa àti àwọ̀ ewé yẹn. Kò nílò ariwo kankan. Ẹ bẹ ara tó le kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ìbẹ́pẹ tútù, ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tí ata bá ti jiná. Nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ sè é, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó rántí béèrè ohun tó jẹ́.