Gàrí Funfun Di Búlúù: Ẹ̀kọ́ Fọ́tò Láti Ìjẹ̀bú-Igbó Títí Dé Etí Ọ̀sà

Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀, ọjà ti ń kún ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá kan tó ń ta gàrí bu èyí tó dára jù nínú ọjà rẹ̀ sínú abọ́. Ó gbé e sábẹ́ tapólì búlúù tó ta sórí àtẹ rẹ̀, ó fi fóònù yà á, ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Èkó. Àpò márùn-ún ni oníbàárà náà fẹ́ rà. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ má bínú, ó jọ pé gàrí yìí ti bu. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tó gbẹ ṣáṣá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ni wọ́n ní ó ti bu. Díẹ̀ ló kù kí ìyá náà bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo fọ́tò, ó gbójú sókè wo tapólì, ó ní: "Màmá mi, kì í ṣe gàrí yín ló bu o. Tapólì yìí ni." Ó gbé abọ́ náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn wọn, níbi tí oòrùn kò ti kan gàrí ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ òde ń wọlé dáadáa. Ó tún un yà. Gàrí funfun báláú! Oníbàárà pè padà kíá, ó ní ṣé gàrí àkọ́kọ́ náà nìyí. Ṣùgbọ́n ó ti san owó àpò méjì fún ẹlòmíràn. Mẹ́ta péré ló kù tó rà.

Báyìí ni fọ́tò burúkú ṣe ń jẹ owó ọlọ́jà, tí kò sì ní mọ ohun tó ṣe é. Kò sí idán kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ara tapólì búlúù kọjá, búlúù ló máa dà. Ojú èèyàn mọ bó ṣe ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá náà kò fi rí i. Kámẹ́rà kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá gbé fún un ló máa gbà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà, ìmọ́lẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ́, kó tó máa ronú fóònù olówó ńlá. Ẹ̀kọ́ yìí kò sì ní kó lọ sí Èkó. Ìrìn àjò láti Ìjẹ̀bú-Igbó sí Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Ògùn Waterside, tó ẹ̀kọ́ fún un.

Ìjẹ̀bú-Igbó kò jẹ́ orúkọ rẹ̀ lásán. Ìlú igbó ni, ìlú gẹdú, ìlú kòkó àti obì. Òun náà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. Ibi tí gẹdú bá pọ̀ sí, káfíńtà kò ní ṣàì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo káfíńtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àga onígi dúdú kan tó ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé àga náà síwájú ògiri funfun, ó yà á. Nígbà tó wo fọ́tò, àga ti di òjìji. Kò rí ọnà tó gbẹ́ sí i lára, kò rí iṣan igi.

Ohun tó fà á nìyí. Kámẹ́rà máa ń ro gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá rí pọ̀, ó sì máa ń wá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ògiri funfun bá gba ibi tó pọ̀ nínú fọ́tò, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ohun dúdú á sì ṣókùnkùn sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí lóde ìnáwó, bí ẹni tó dúdú bá wọ léèsì funfun: aṣọ á hàn kedere, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á pòórá. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Lórí fóònù púpọ̀, ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà tàbí ara àga náà lórí gíláàsì kí ẹ tó yà á. Kámẹ́rà á mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kó wò. Àmì oòrùn kékeré lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ fà á sókè díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á lé sí i. Bí ẹ bá sì lè fi ògiri aláwọ̀ mìíràn rọ́pò funfun, ó tún dára jù.

Ìṣòro yìí ti wà tipẹ́. Láyé fíìmù, ilé iṣẹ́ Kodak ti Amẹ́ríkà máa ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Shirley, kí wọ́n máa fi díwọ̀n àwọ̀. Fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, ìyẹn ni kò fi jẹ́ kí ojú èèyàn dúdú máa jáde bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń ṣe àga onígi àti àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì wà lára àwọn tó figbe ta pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunwọ̀n. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ ò rí i pé igbe yín kì í ṣe kékeré!

Láti ibẹ̀ dé Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà rárá. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Àgọ́-Ìwòyè. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bíi Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2001. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà, onífọ́tò kò ní wọ́n níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gboyè jáde, kámẹ́rà á máa kọ mànà bíi pé òjò ń ṣú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń bẹ̀rù bọ́tìnnì orí kámẹ́rà ńlá. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀ dá lé, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì lè fi fèrèsé yàrá mọ̀ ọ́n. Èkíní, báwo ni fèrèsé náà ṣe ṣí fẹ̀ tó? Bó bá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ á wọlé, ẹ̀yìn ẹni tí a ń yà á sì máa ṣú bàìbàì. Èkejì, báwo ló ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí? Bó bá pẹ́, ẹni tó bá mira á di méjì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń kọ ISO sí lára kámẹ́rà, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ kékeré sí. Bí ẹ bá gbé e sókè jù, fọ́tò á máa rí ṣákaṣàka bí ẹni da iyanrìn sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ya ohun kan ṣoṣo ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ máa yí ẹyọ kan padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọdún 1975 ni Steven Sasson, ẹnjiníà ní Kodak, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Ẹrù ni kámẹ́rà ọ̀hún nígbà náà, ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, fọ́tò kan sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kó tó wọ orí kásẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 1975 kan náà, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, Stephen Sprague, wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó ń wo bí àwọn onífọ́tò Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ohun tó rí jáde ní 1978. Ó rí i pé bí àgbàlagbà bá fẹ́ ya fọ́tò pàtàkì, yóò wọ aṣọ ńlá, yóò jókòó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ á wà lórí itan tàbí orúnkún, wọn á sì yà á láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún rí i pé bí ìbejì kan bá kú, wọ́n lè ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, kí onífọ́tò so ó pọ̀, kí ìyá wọn lè rí ọmọ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àwọn àgbà onífọ́tò wọ̀nyẹn mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò tíì mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ má bẹ́ orí èèyàn sọ nù nínú fọ́tò, ẹ má sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀. Owó fíìmù wọ́n nígbà yẹn, wọ́n ń wò ó dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lónìí a ń tẹ ọgọ́rùn-ún, a kò wo ẹyọ kan.

Ẹni tó bá fẹ́ ti ibẹ̀ lọ sí Ògùn Waterside lè gba Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni ayẹyẹ Ojúde Ọba ti ń wáyé lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ní 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá ńlá àti awò dúdú, tàn ká gbogbo ayé. Ẹṣin pọ̀ lọ́jọ́ náà. Onífọ́tò tó bá fẹ́ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó tètè dúró síbi tó yẹ, kó sì ṣe sùúrù de ìgbà tí ojú, ọwọ́ àti ẹṣin bá bára wọn mu.

Ó kan ilẹ̀ omi wàyí. Abígi ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside. Ìwópin wà létí ọ̀sà, Mákùn-Omi sì ń bẹ lápá ibẹ̀ náà. Iṣẹ́ ẹja ni wọ́n fi mọ àwọn Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ etí omi. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń dán ọmọ iṣẹ́ wò jù. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn máa ń wà lókè orí, ihò ojú èèyàn á ṣókùnkùn, iwájú orí rẹ̀ á máa kọ yẹ̀rì, omi náà á sì máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Apẹja tó bá dúró síwájú omi tó ń dán á dúdú bí èédú.

Nítorí náà, ẹ lọ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Nílẹ̀ wa níbí, oòrùn kì í pẹ́ yọ, kì í sì pẹ́ wọ̀. Bíi wákàtí kan lẹ́yìn tó bá yọ àti wákàtí kan kó tó wọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀, tó máa ń pọ́n bí epo. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn ẹni tó ń yà á. Bó bá di dandan lọ́sàn-án, ẹ pe ẹni náà sábẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ jókòó, ẹ fún ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ara, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú, kí ilà tí omi àti sánmà ti pàdé má dagun. Bí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá jìnnà, ẹ má fi ìka fà á súnmọ́ yín lórí fóònù, torí ṣe ló máa ń fọ́ fọ́tò. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi súnmọ́ ọn.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń ba fọ́tò jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìdọ̀tí ojú kámẹ́rà. Ọwọ́ ìyá tó ń yan ẹja á kan ojú fóònù, epo ẹja á lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo fọ́tò á dà bí ìgbà tí kùrukùrù bá bolẹ̀. Ẹ fi aṣọ òwú tó mọ́ nù ún kí ẹ tó yà. Ẹ fi ọ̀rá wé fóònù lórí omi, torí omi iyọ̀ máa ń jẹ ihò tí a fi ń gba iná. Kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Kì í ṣe gbogbo ojú ló fẹ́ kámẹ́rà, kì í ṣe gbogbo ojúbọ ni àlejò ń gbé fóònù sí.

Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn ni omi ọ̀sà ń kọ́ni. Bí fóònù bá bọ́ sínú omi, fọ́tò ọdún márùn-ún lè bá a lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Onífọ́tò ayé àtijọ́ máa ń tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù sínú páálí, ọmọ lè padà wá lẹ́yìn ogún ọdún kó ní kí wọ́n tún fọ fọ́tò bàbá òun. Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò yín sí ibòmíràn, sórí mẹ́mọ́rì káàdì tàbí fóònù ọmọ yín. Èyí tó bá ṣe pàtàkì jù, ẹ fọ̀ ọ́ sórí bébà, ẹ gbé e kọ́ ògiri. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìyá ti kú, tí àwọn ọmọ ń wá fọ́tò tí wọn yóò lò fún ìsìnkú, tó jẹ́ pé èyí tó ṣókùnkùn, tí wọ́n gé lára fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíràn, ni wọ́n rí?

Ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí àpò gàrí mẹ́ta ti wọ ọkọ̀, ọmọbìnrin yẹn ń wo inú fóònù ìyá rẹ̀. Fọ́tò gàrí kún inú rẹ̀, fọ́tò àwọn ọmọ ọmọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ìyá fúnra rẹ̀. Ó ní: "Màmá mi, ẹ wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí." Ìyá ní òun kò tíì wẹ̀, pé gèlè òun kò dára. Ọmọ fi àga sí ibi tí abọ́ gàrí wà lẹ́ẹ̀kan, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú kámẹ́rà, ó sì fi ìka kan ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù kí ojú náà lè mọ́lẹ̀. Ìyá tún gèlè ṣe, ó jókòó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ta ló wà nílé yín tí kò tíì ní fọ́tò? Ẹ pè é síta nírọ̀lẹ́ òní, kí oòrùn tó wọ̀.