Wákàtí Mẹ́fà ní Ìkìrun

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ìlú mélòó ni ẹ máa ń gbà kọjá, tí ẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì lọ?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ òfuurufú tó wọ̀ yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní láti dúró de òmíràn fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kò jókòó sùn sí pápákọ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìgboro, ó wo ààfin ọba wọn, ó wo aago ńlá tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó dúró lórí afárá odò Thames, ó sì padà dé kí wọ́n tó pe àwọn èrò. Nígbà tó fi àwọn àwòrán náà hàn wá, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ yìn ín pé ó lo àkókò rẹ̀ dáadáa. N kò mọ̀ pé èmi náà yóò rí irú wákàtí bẹ́ẹ̀ gbà, àti pé Ìkìrun ni n óò ti gbà á.

MỌ́TÒ KỌṢẸ́

Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni. Èmi àti ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, gbéra láti Ìbàdàn, a ń lọ sí Ọ̀fà. Wọ́n pè mí síbẹ̀ láti wá dá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ kejì ni ètò náà yóò bẹ̀rẹ̀. A ti kọjá Òṣogbo, a sì ti wọ Ìkìrun, kí gíà mọ́tò wa tó kọ̀ tí kò wọlé mọ́. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá wa pè wọ abẹ́ mọ́tò, ó jáde, ó mi orí.

"Bàbá Pásítọ̀, Òṣogbo ni mo ti máa lọ ra ohun tó bàjẹ́ yìí. Kò ní dín ní wákàtí mẹ́fà."

Kí n má parọ́, inú bí mi. Mo wá àga kan sábẹ́ igi, mo jókòó, mo ń wo aago. Ọmọ mi ló béèrè pé, "Dádì, kí ló wà ní ìlú yìí?"

Mo la ẹnu, n kò rí èsì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá. Ohun tí mo mọ̀ nípa Ìkìrun kò ju ibi tí wọ́n ti ń ta obì àti ibi tí kòtò ti pọ̀ lójú títì lọ. Èyí tó tún tì mí lójú jù ni pé Òkukù ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá mi. Òkukù nìyẹn níwájú, kò jìnnà rárá. Ọmọ mi kò mọ̀, nítorí n kò sọ fún un rí. Èmi náà kò dé agbo ilé wọn mọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

OGUN TÓ BỌ́ SÍNÚ OMI

Bàbá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wà ní ìtòsí, ó sì gbọ́ ìbéèrè ọmọ náà. Ó ní kí a sún àga mọ́ òun. Bàbá yìí ló sọ ìtàn ogun Jálumi fún wa.

Ní ayé ìgbà náà, Ìbàdàn ló lágbára jù nínú ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn ajẹ́lẹ̀ náà sì ni àwọn ènìyàn lára. Ní 1878, Èkìtì dìde, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ni aṣáájú wọn. Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá dara pọ̀ mọ́ wọn, Ìlọrin náà sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ìkìrun, tó wà lábẹ́ Ìbàdàn, ni gbogbo wọn dojú kọ. Ìkìrun ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n sì kó ogun wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, wọ́n pàdé. Ìbàdàn ṣẹ́gun. Àwọn tó ń sálọ dé etí odò Ọ̀tìn, wọ́n bá a tó kún dé ẹnu, nítorí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni. Ogun wà lẹ́yìn, omi wà níwájú. Wọ́n já lu omi. Ọ̀pọ̀ kò jáde mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi.

Ìṣẹ́gun yẹn kò parí ìjà. Ogun Kírìjì ló tẹ̀lé e, kò sì sí àlàáfíà títí di 1886, nígbà tí àwọn tó ń jà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ta ni ó gbé iṣẹ́ àlàáfíà náà lọ sí àgọ́ àwọn ológun? Òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì ni, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Johnson yìí kan náà ló kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ, ìwé náà sì jáde ní 1921.

Bàbá olùkọ́ wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Pásítọ̀, ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run lẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà ni ẹ kì í kà á mọ́."

N kò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Ìwé náà wà lórí pẹpẹ ìwé mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìdajì rẹ̀ ni mo kà.

Ó ní kí a má ṣe jókòó kalẹ̀ mọ́. A kí ààfin Akìnrun láti ìta, a gba inú ọjà kọjá, a sì wọ táksí. A rí odò Ọ̀tìn náà. Omi pupa ni, ó ń lọ jẹ́ẹ́, àwọn ọmọ kan ń wẹ̀ létí rẹ̀. Ọmọ mi dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, wọn ò fi nǹkan kan sí ibí láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀." Mo rántí òkúta méjìlá tí Jóṣúà ní kí wọ́n gbé jáde láti inú Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìdí rẹ̀, kí àwọn baba sì lè dáhùn. Ọmọ tèmi ti béèrè. Baba ni kò mọ èsì.

ÌNÍṢÀ ÀTI OJÚ IRIN

Lẹ́yìn náà, a yà ní Ìníṣà láti jẹun. Ọmọ mi ti rí ojú irin lọ́nà, ó sì fẹ́ mọ̀ bí ó ṣe dé ibẹ̀. Èyí ni mo lè dáhùn. Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ilẹ̀ tí ogun Jálumi ti jà ni irin náà gbà kọjá, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún sí i tí wọ́n ti ja ogun náà nígbà tó dé Òṣogbo. Àwọn tó bá bàbá wọn sá fún ogun ló wọ ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń kó ọjà lọ sí òkè Ọya.

Àwọn kan tún lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìníṣà wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí àwọn ọmọ wọn lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Gáná, pàápàá ní apá àríwá rẹ̀. Màmá tó bu iyán fún wa sọ fún wa pé Tamale ni wọ́n ti bí òun. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá náà sọ pé ìyá òun fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Ilé, ìsọ̀, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò.

Ọmọ mi wo àpò tí a kó ẹrù sí. Ẹ mọ àpò náà, Ghana-must-go ni. Mo ṣàlàyé fún un pé ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gáná kúrò ní Nàìjíríà, irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fi kó ẹrù wọn lọ. Ó ní, "Dádì, ṣé a ò rántí bó ṣe dùn wá ni?" Màmá olóúnjẹ ló dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ẹni tí ó dùn ló rántí."

ÒKUKÙ

Ìtàn Òkukù kò ṣeé yà kúrò lára ti Ìkìrun. Nígbà tí ogun Ìlọrin le, Ìkìrun ni àwọn ará Òkukù sá lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí Jálumi fi parí, kí wọ́n tó padà wá tún ìlú wọn kọ́. Ogun tí mo gbọ́ ìtàn rẹ̀ bí ẹni gbọ́ ìtàn àjèjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ogun tó dá àwọn ará ìyá mi padà sílé.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ní 1996, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, iná ń jó nínú mi. Màmá àgbà wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ní gbogbo òwúrọ̀, tí mo bá lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọn a pè mí ní Àkànní, wọn a sì máa ki oríkì ilé wọn lé e lórí. Ní ọjọ́ kan mo ní, "Màmá, ilé òjíṣẹ́ Ọlọ́run nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà, Pásítọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní 1999. Wọn kò pè mí ní Àkànní mọ́ títí wọ́n fi lọ.

A béèrè ọ̀nà, wọ́n sì mú wa dé agbo ilé náà. Ìyá arúgbó kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kàlẹ́ńdà ìjọ rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dárúkọ màmá wa. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Kí ni orúkọ tìrẹ?"

"Pásítọ̀ ni mí, Màmá."

"Mi ò béèrè iṣẹ́ rẹ. Kí ni ìyá rẹ àgbà ń pè ọ́?"

Mo ní, "Àkànní."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wákàtí tó fi ń ki wá, kò wo ìwé, kò tàsé. Mo mọ ohùn náà. Ohun tí mo dá dúró ní 1996 ló ń bá a lọ láti ibi tí ó gé sí. Ẹ̀yin ará, mo sunkún níwájú ọmọ mi. Nígbà tó parí, mo ní, "Màmá, ṣé ìjọ kò bá yín wí?" Ó ní, "Èyí tó bá jẹ mọ́ òrìṣà, mo máa ń fò ó. Ṣé Jésù kò ní bàbá ńlá ni?" Mo rántí ìwé Mátíù orí kìíní, ibi tí a máa ń sáré kọjá nígbà tí a bá ń ka Bíbélì.

Ìyá náà yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni oríkì rẹ?" Ọmọ náà ní òun kò ní. Ìyá wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ni ìwọ."

Nígbà tí mo délé ni mo tó mọ èyí tó kù. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, gbé ní Òkukù fún ọdún mẹ́ta nínú àwọn ọdún 1970. Ó kọ́ èdè wa, ó jókòó ti àwọn ìyá ìlú náà, ó ń kọ oríkì tí wọ́n ń ki sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Ó ti jáde fún ọdún márùn-ún nígbà tí mo ń pa màmá tèmi lẹ́nu mọ́. Àlejò gba òkè òkun wá jókòó gbọ́ ohun tí èmi ọmọ wọn kò fẹ́ gbọ́ nínú ilé mi.

Ẹ̀KỌ́ TÍ MO KỌ́

Èkíní, ìdádúró kì í ṣe òfò ní gbogbo ìgbà. Tí mọ́tò kò bá kọṣẹ́ ni, ǹ bá tún ti kọjá.

Èkejì, ìrántí yàtọ̀ sí ìbọ. Ẹ yẹ ohun tí àwọn àgbà ń sọ wò, kí ẹ di èyí tó dára mú. Ẹ má ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́ bí mo ti ṣe.

Ẹ̀kẹta, tí ìyá yín àgbà bá ṣì wà láyé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú ọmọ yín dání, kí ó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, bí ọmọ tèmi ti ṣe ní Òkukù.

Mẹkáníìkì parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. A dé Ọ̀fà lálẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì lọ dáadáa ní ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, ní gbogbo òwúrọ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ilé, mo máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ mi, mo sì máa ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́.