Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹyẹ

Nígbà tí a pé ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ wa fi kámẹ́rà kan ta wá lọ́rẹ, pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn tí í fa ohun ọ̀nà jíjìn súnmọ́ tòsí. Ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá wa ní Ìdí Arère ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya ẹyẹ: ẹ̀gà, ológoṣẹ́, àdàbà, àti lékèélékèé tó bá yà wá kí wa. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán àkọ́kọ́ kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ẹyẹ ti wù kó dára tó, páànù tó ti dípẹtà ni a ń rí lẹ́yìn rẹ̀, tàbí aṣọ orí okùn, tàbí táńkì omi aládùúgbò, tàbí wáyà iná tó dà bí ẹni pé ó gún ẹyẹ náà lórí. Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Mápó rí mọ̀ pé òrùlé ló gba gbogbo ojú ilẹ̀ wa. Igi arère ni wọ́n fi sọ àdúgbò wa lórúkọ, ṣùgbọ́n páànù ló pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ lónìí.

Ní ọdún kan, àdàbà kọ́ ìtẹ́ sórí igi ọsàn wa, ó yé ẹyin méjì, ó sì pa ọmọ méjì. Ewé bo ìtẹ́ náà. Àlàfo kan ṣoṣo ni a lè gbà rí i, páànù ilé kejì ni ó sì kún inú àlàfo náà. A pe ọmọkùnrin aládùúgbò wa kan pé kó gun igi náà, kó gé ẹ̀ka méjì ní apá kejì, kí ewé máńgòrò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè di ẹ̀yìn àwòrán. Ọmọ náà ní, “Bàbá, òòrùn kò ní pa wọ́n báyìí?” A ní kó gé e.

Àwòrán náà dára. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù minimini bí aṣọ àrán. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kannakánná ti gba ojú ibi tí a là sílẹ̀ wọlé, ìtẹ́ sì ti ṣófo. Orí páànù tí a kò fẹ́ kó hàn nínú àwòrán ni ìyá wọn bà lé, tó ń ké. Ọmọkùnrin náà wo ìtẹ́, ó wo ojú wa, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi ń wàásù pé Baba wa ọ̀run kò gbàgbé ológoṣẹ́ kan. Ẹnu wa wúwo ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn.

Láti ìgbà náà, ara wa ni a ń sún, a kò gé ewé mọ́. Ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀tún tàbí sí òsì lè mú páànù kúrò, kó sì fi ewé rọ́pò rẹ̀. Bí a bá dúró nísàlẹ̀ tí a ń wo òkè, ojú ọ̀run funfun yóò sọ ẹyẹ di dúdú. Nítorí náà, a máa ń wá ibi tí ojú wa àti ojú ẹyẹ yóò ti bá ara wọn dọ́gba. Ohun tó súnmọ́ ẹyẹ ni í hàn ketekete. Bí ó bá ti jìnnà sí ẹyẹ tó, tí àwa náà sì súnmọ́ ẹyẹ tó, ni yóò ti yọ́ di àwọ̀ kan ṣoṣo tó. A ri ẹ̀ka gbígbẹ kan mọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 4 sí ibi tí a ń jókòó sí, igi máńgòrò sì wà ní nǹkan bíi mítà 10 lẹ́yìn rẹ̀. A gbé àwo omi sí ìdí rẹ̀, àwọn ẹyẹ sì wá fúnra wọn. A ṣí ihò lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé dáadáa: nọ́ńbà kékeré, bíi 4 tàbí 5.6, ni ihò tó fẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, nígbà tí oòrùn bá wà lára ẹyẹ, tí òjìji sì bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ orí okùn, a lè ká a. Ewé orí ìtẹ́ kì í ṣe tiwa.

Ìbàdàn ní ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1958, J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ṣàpèjúwe ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, pupa àti dúdú, ó sì pè é ní Malimbus ibadanensis. Kò sí i níbòmíràn láyé àyàfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Igbó tó ń gbé ni a ń gé, ìdí nìyẹn tó fi wà lára àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu. Ohun tí a pè ní ìdíwọ́ lẹ́yìn ẹyẹ, ilé rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òbí, bí a kò bá rí ọmọ kan bí a ṣe fẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sún ẹsẹ̀ tiwa ná, kí a tó gbé àdá. Ọmọkùnrin aládùúgbò wa ti dàgbà báyìí. Òun ló máa ń dúró tì wá lẹ́yìnkùlé, tí í máa nawọ́: “Bàbá, ẹ sún síbí díẹ̀.” A sì máa ń sún.